Ọjọ́ Mọ́kànlá Péré Ló Kù

Ìnṣá Ọlọ́hun, ọjọ́ mọ́kànlá ló kù ká gbéra ní Ìlọrin lọ sí Magicland, ọgbà ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Wonderland tẹ́lẹ̀, ní Àbújá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọlu ara wọn làwọn ọmọ ń rò. Èmi, kẹ̀kẹ́ gìrìwò tó ń gbé èèyàn yípo lókè ni mò ń retí. Jangílófà abẹ́ igi máńgòrò ní Pàkátà lèmi fi dàgbà. Okùn rẹ̀ já lọ́jọ́ kan, ẹ má bi mí nípa eyín mi. Bàbá wọn ń bẹ̀rù òkè, ó ní òun á máa ṣọ́ báàgì. Lọ́kọ́jà la máa gbà, kí wọ́n lè rí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Wàrà díndín ńkọ́? Mo máa fi pamọ́ títí a ó fi kọjá Kàbbà.