Ẹnì Kejì Mi Wà Lókè

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìràwọ̀ ládùúgbò tiwa, inú rẹ̀ kì í dùn tí iná bá dé. Gbogbo ọmọdé á pariwo "Iná dé!", èmi á pòṣé, gílóòbù ojúde ti ba òkùnkùn mi jẹ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n ti mú iná lọ, òkùnkùn ṣú biribiri, ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku dé. Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìnkùlé, mo ń ṣọ́ Algol.

Lójú lásán, ìràwọ̀ kan ni Algol. Méjì ni wọ́n, wọ́n ń yí ara wọn po. (Ẹnì kẹta wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ti ẹnì kejì gan-an ló fẹ́ pa mí.) Tó bá ti di ọjọ́ méjì àti nǹkan bíi wákàtí 21, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré á gba iwájú èyí tó mọ́lẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ wọn á wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. John Goodricke, ọmọ ọdún 18 kan tó jẹ́ adití nílùú York ní England, ló ṣàlàyé èyí lọ́dún 1783. Kò sí ọdẹ àdúgbò nínú ìtàn tirẹ̀.

Ojú tó bá rí iná á tó ogún ìṣẹ́jú kí òkùnkùn tó tún mọ́ ọn lára, nítorí náà mi ò tan nǹkan kan. Fóònù ni mo ń bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kó lè gbà á sílẹ̀: "Agogo mọ́kànlá ààbọ̀. Ó ti ń kú lọ. Ẹnì kejì ti wà níwájú rẹ̀ báyìí. Kò ní pẹ́ parí."

Àṣé àwọn ọdẹ wà lẹ́yìn odi, wọ́n ń gbọ́.

Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló wọ̀ mí lójú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Dìde! Ta lẹ fẹ́ pa? Ẹnì kejì ẹ dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, òkè ló wà."

Tọ́ọ̀ṣì fò sórí òrùlé, ó fò sórí igi máńgòrò.

"A ò rí ẹnikẹ́ni!"

"Ẹ ò lè rí i, Bàbá. Kò sí ojú tó lè rí i."

Mo gbọ́ tí ṣakabùlà dún káú. Olórí wọn sún sẹ́yìn. "Ẹ ṣọ́ra o! Ó ní àféèrí!"

Ìyá Onílé ló gbà mí. Ó yọ sí wa tòun ti ìró láyà: "Ẹ fi í sílẹ̀. Bó ṣe máa ń wòkè nìyẹn. Kì í jalè, iṣẹ́ ni kò rí ṣe."

Láti fi tù wọ́n nínú, mo gbé awò awọ̀nàjíjìn mi fún olórí wọn, mo sì fi àwọn ìràwọ̀ kan tó kóra jọ, tí wọ́n ń pè ní Pleiades, hàn án. Ojú lásán ń rí bíi mẹ́fà níbẹ̀. Awò fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ hàn án.

"Ẹgbẹ́ ọmọ ìta lèyí," ó ní.

"Ibì kan náà ni wọ́n ti bí wọn, Bàbá, wọ́n jọ ń rìn ni. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń wò yẹn, ó ti tó nǹkan bí 440 ọdún tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn."

"A jẹ́ pé wọ́n ti sá kúrò níbẹ̀ nìyẹn." Ó dá awò padà. "Ẹnì kejì rẹ—èyí tí a ò rí yẹn—ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá. Kó tó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́."

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ẹní jáde, mo bá ọdẹ márùn-ún àti ajá kan lábẹ́ igi máńgòrò.

"Jókòó jẹ́ẹ́," olórí wọn ní. "Àwa náà ń retí ẹ̀."