Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí Grand Cherokee SRT: afẹ́fẹ́ tútù ṣáájú páìpù ńlá

Ọkọ̀ tí iṣẹ́ yìí dá lé ni Jeep Grand Cherokee SRT tó ní ẹ́ńjìnnì HEMI V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) oní lítà 6.4. Bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́, 475 hp ni agbára rẹ̀. Ohun tí à ń wá ni kó máa mí dáadáa, kí agbára yẹn má sì máa dínkù nígbà tí ooru bá mú. Ẹ jẹ́ ká wọn nǹkan ná, ká tó náwó.

Ìpele 1: wíwọ̀n

Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Sẹ́ńsọ̀ MAP tó ń ka ipá afẹ́fẹ́ nínú manifold (ilé páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà), àti IAT tó ń ka ìgbóná afẹ́fẹ́, ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń ṣírò epo. MAP yìí kan náà ló máa sọ bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣe há tó. So sìkánà mọ́ ojú OBD-II (ibi tí wọ́n ti ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀), tan kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì ọkọ̀, kí o sì ka MAP: ipá afẹ́fẹ́ ìta nìyẹn. Lẹ́yìn náà, lórí dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀ lójú kan, tàbí ní pápá eré ọkọ̀ (má dán an wò lójú títì), mú jíà 3, kí o tẹ iná délẹ̀ láti 2,500 dé 6,000 ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan. Jẹ́ kí sìkánà máa kọ MAP, IAT àti àsìkò ìṣáná púlọ́ọ̀gì sílẹ̀.

Ká ní MAP ka 100 kPa nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, tó wá ka 96 ní 6,000. Ìdá 4 nínú 100 ló ń sọ nù láti ẹnu fílítà títí dé manifold, throttle body (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tó ń ṣí bí o bá tẹ iná) náà sì wà nínú rẹ̀. Kò sí fílítà tó lè dá ju ìyẹn padà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ìṣirò páìpù náà kò le. Ní 6,000 ìyípo, bí sílíńdà bá ń kún dáadáa, lítà 6.4 yìí ń fa bíi lítà 320 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú páìpù ínǹṣì 4, afẹ́fẹ́ yẹn ń sáré bíi mítà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú ínǹṣì 3.5, ó tó 52; lẹ́nu throttle body mílímítà 80 tó bá ọkọ̀ wá, ó tó 64. Ẹni tó bá wá gbé páìpù ínǹṣì 5 síwájú ẹnu 80 yẹn, ojú ló ń fún ní oúnjẹ. Ohun mìíràn tún ni pé bí ìyípo bá dín sí ìdajì, àdánù ipá á dín sí ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ ní 2,000 ìyípo kò fi ní mọ ìyàtọ̀ kankan, àfi ariwo.

Ìpele 2: àpótí afẹ́fẹ́

Fílítà tó wà níhòòhò lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ló ń dún dáadáa jù, òun la sì kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ohun tí a lè rà. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná láti 30 °C dé 55 °C ti pàdánù tó ìdá 7 nínú 100 bó ṣe ki tó. Gbogbo ìdá 4 tí à ń lé kiri ti lọ nìyẹn, ó sì tún jẹ gbèsè lé e. Kọ̀ǹpútà náà á rí ooru yẹn lórí IAT, á sì fa àsìkò ìṣáná sẹ́yìn kí epo má baà gbiná ṣáájú àkókò.

Èyí tí a mú ni àpótí tó ní ìdérí, fílítà gbígbẹ, àti páìpù ike ínǹṣì 4. Páìpù aluminium rẹwà lóòótọ́, àmọ́ bí ọkọ̀ bá dúró nínú sún-kẹrẹ, ó máa ń gba ooru ẹ́ńjìnnì sára. Fílítà olówùú tí wọ́n ń fi ọ́ìlì pa kò léwu fún HEMI yìí. Ọkọ̀ tó ní MAF ni kó ṣọ́ra fún un, torí ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù máa ń lẹ̀ mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ náà, tí yóò sì máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ihò orí bónẹ́ẹ̀tì SRT ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Ooru ni wọ́n ṣe é láti máa lé jáde.

Nígbà tí a ń tò ó: tú orí òdì (−) bátìrì, fi àkísà mímọ́ dí ẹnu throttle body, kí o sì rọra yọ IAT kúrò lára páìpù àtijọ́ láì fa wáyà rẹ̀. Fi ọ́ìlì díẹ̀ pa O-ring (òrùka rọ́bà) rẹ̀ kí o tó tì í wọ páìpù tuntun. Bí o bá gbàgbé láti so wáyà rẹ̀ padà, P0113, kóòdù àṣìṣe IAT, ni yóò yọ lórí sìkánà. Fún kílámpù títí tí páìpù kò fi ní yí mọ́ lọ́wọ́, kí o dúró níbẹ̀. Ìfúnjù máa ń gé rọ́bà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni etí àpótí. Fi ṣọ́ọ̀kì pa etí náà yíká, pa bónẹ́ẹ̀tì dé, kí o tún ṣí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì kò bá ti kan abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà wọlé. Fóòmù tí kì í fa omi, tó nípọn tó mílímítà 10, ló máa dí i. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú àpótí lálẹ́, wàá rí ihò yòókù. Lẹ́yìn náà, gbé amọ̀ rírọ̀ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré lé ẹ̀yìn páìpù, pa bónẹ́ẹ̀tì dé jẹ́jẹ́, kí o wọn bó ṣe tẹ́ tó. Tí kò bá tó mílímítà 10, páìpù á máa gbá bónẹ́ẹ̀tì, torí ẹ́ńjìnnì máa ń yí lórí ìjókòó rẹ̀ bí o bá tẹ iná.

A ò gba àwòṣe tó ń gbé fílítà lọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà. Ó tutù lóòótọ́, àmọ́ bí ọkọ̀ bá wọ àgbàrá, omi tó bá dé sílíńdà kì í ṣeé fún pọ̀. Ọ̀pá pístọ̀nù ló máa ń tẹ̀.

Ìpele 3: àwọn kéékèèké

Púlọ́ọ̀gì tuntun: 16 ni kí o rà, kì í ṣe 8, torí méjì méjì ló wà ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Agolo tó ń gba èéfín ọ́ìlì wà láàárín PCV (fáàfù tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà) àti manifold. Họ́ọ̀sì ọ́ìlì gan-an ni kó jẹ́, torí ti omi lè rún mọ́ra tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà á. Máa tú agolo náà dànù nígbàkigbà tí o bá pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ìpele 4: ẹ̀sọ́ọ̀sì, tó ṣì wà lọ́wọ́

Bóòtù manifold ẹ̀sọ́ọ̀sì (irin tó ń gba èéfín jáde lára àwọn sílíńdà) HEMI máa ń kán, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn. Ariwo tíkí-tíkí rẹ̀ máa ń jáde tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tó bá gbóná irin á fẹ̀, ariwo á sì dákẹ́. Èyí tí kò dákẹ́ nínú ooru, lifter àti camshaft, àwọn irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, ni kí o yẹ̀ wò, ìyẹn ló ń náni lówó. Bí kùkùté bóòtù bá yọ síta, jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn, dúró kí pípọ́n rẹ̀ lọ, kí o tú u nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá kán sínú, díríìlì tó ń yí sósì ló yẹ, tí a gún sí àárín gan-an. Aluminium ni orí ẹ́ńjìnnì, ó rọ̀ ju bóòtù lọ, díríìlì tó bá yẹ̀ yóò jẹ ẹ́ dípò bóòtù.

Trackhawk yàtọ̀

Ẹni tó ní Trackhawk, Grand Cherokee oní lítà 6.2 tó ní supercharger (ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì), lè ná owó páìpù pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ ju tiwa lọ. Ní 11.6 psi, ẹ̀rọ náà ń sọ ipá afẹ́fẹ́ di bíi ìlọ́po 1.8, nítorí náà 1 kPa tó bá sọ nù ṣáájú rẹ̀ di bíi 1.8 lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kù

Àtúntò kọ̀ǹpútà ló kẹ́yìn. Láti ọdún 2015 ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wọ̀nyí ti wà ní títì pa, a ní láti ṣí i tàbí pààrọ̀ rẹ̀ ká tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Epo octane 91 (ìwọ̀n bí epo ṣe ń kọ̀ láti gbiná ṣáájú àkókò) ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ bíi 95 ní ìwọ̀n RON tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, ni a máa tò ó lé. Kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, bóòtù mẹ́ta tó kán lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ jáde, ká fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ká sì tún MAP wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i ní jíà 3.