Àyẹ̀wò ọdún: àárò ìlú tí mo dàgbà sí

Ọdún ń lọ sópin. Bí wọ́n bá ní kí n ṣírò ohun tí mo fi ọdún yìí ṣe, mo ní iṣẹ́ tí mo parí, gbèsè tí mo san, àti ọ̀rẹ́ tuntun díẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gba ọkàn mi nínú wọn tó àárò ìlú tí mo dàgbà sí.

Mi ò retí ẹ̀ rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, mo ti gbé ibòmíràn ju ibẹ̀ lọ, bí àlejò bá sì bi mí léèrè, ibi tí mo wà báyìí ni mo máa ń pè ní ilé. Àwọn òbí wa pàápàá ti kó kúrò, wọ́n ti ta ilé náà. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo gbà, àmọ́ òwe yẹn ò ro ti ẹni tí wọ́n ti ta ilé rẹ̀. Bí irú wa bá padà dé, ilẹ̀kùn ta ni ká lọ kàn? Òtẹ́ẹ̀lì la máa sùn sí, nílùú tí a ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Nígbà tí oorun ò bá kùn mí, mo máa ń ṣí Google Earth lórí kọ̀ǹpútà, màá máa wo àdúgbò wa láti òkè. Láti 2005 ló ti wà, àwòrán àtijọ́ sì wà nínú ẹ̀: èèyàn lè máa fa ọdún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kó máa wo bí òrùlé ṣe ń yí àwọ̀, bí igi ṣe ń pòórá, bí ilé tuntun ṣe ń gba ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ènìyàn nìkan ni kì í hàn níbẹ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa ṣe é lóru. Ó ń jẹ dátà, ó sì ń jẹ oorun.

Ìyẹn ló sún mi dé ibi tí mo ti ń kà nípa ẹ̀, bóyá ohun tó ń ṣe mí lórúkọ. Ó ní ín: nostalgia ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tilẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀ tipẹ́. Ní 1688, Johannes Hofer, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Basel, ní Swítsálandì, kọ ìwé lórí ẹ̀, ó sì pè é ní àrùn. Ó sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti Bern wá sí Basel, tí ibà dá a dùbúlẹ̀ débi pé wọ́n ti ń gbàdúrà ìkẹyìn fún un. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Kò tíì rìn jìnnà kúrò ní Basel tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ẹ sì wò ó, láti Bern sí Basel ò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ! Ó pẹ́ tí àwọn dókítà fi ń wò ó bẹ́ẹ̀. Nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, àwọn dókítà ológun apá Àríwá ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí àìsàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà.

Lóde òní, wọn ò pè é ní àrùn mọ́. Constantine Sedikides àti Tim Wildschut, ní Yunifásítì Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣèwádìí lórí ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Wọ́n rí i pé ìdánìkanwà sábà máa ń wà lára ohun tó ń fà á, àti pé bó bá dé tán, ìtura ló sábà máa ń mú wá ju ìbànújẹ́ lọ. Apá àkọ́kọ́ yẹn mú mi dúró. Mo wo ọdún mi padà, mo rí i pé alẹ́ tí fóònù ò dún ni mo máa ń lọ wo òrùlé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé ní 2024, èèyàn tó tó mílíọ̀nù 304 ló ń gbé lẹ́yìn odi orílẹ̀-èdè wọn. Wọn ò ka àwa tí a kàn ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn mọ́ ọn. Pẹ̀lú bí a ṣe pọ̀ tó yìí, kálukú ń dá ṣàárò tirẹ̀ nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá wò mí dáadáa nígbà tí mo bá ń ṣílẹ̀kùn ibi tí mo ń gbé, ẹ ó rí i pé mo máa ń fi ọwọ́ òsì gbé e sókè díẹ̀ kí n tó yí kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn yìí ò nílò ẹ̀. Ti ilé wa àtijọ́ ló nílò ẹ̀: ó ti wọlẹ̀ lápá kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń họ sìmẹ́ńtì, bí o ò bá gbé e, wàá yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọwọ́ òsì mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí ilẹ̀kùn iwájú yẹn?" Wọ́n ní kò sóhun tó ṣe ilẹ̀kùn kankan, fèrèsé ẹ̀yìn ni kì í pa dé. A fà á títí, la bá pe màmá wa kí wọ́n wá bá wa dá a. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ilé wo, nínú gbogbo èyí tí a ti gbé?"

Frederic Bartlett, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, ti kọ ọ́ láti 1932 pé a kì í mú ìrántí jáde bí ẹni mú aṣọ nínú àpótí. Ṣe là ń tún un kọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é. Bóyá ilẹ̀kùn ló wọlẹ̀ ni o, bóyá fèrèsé ni, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wákàtí tí a fi jiyàn yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo òrùlé tí mo ti wò lọ́dún yìí.

Ṣé màá lọ síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Mi ò kánjú. Ní báyìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti fẹnu kò pé kálukú máa ya àdúgbò náà sórí bébà láì wo tẹnì kejì: ilé tó kángun sí tiwa, ibi tí omi máa ń dúró sí lẹ́yìn òjò, ilé ajá tó máa ń lé wa. A máa wá pààrọ̀ ẹ̀. Màmá ni adájọ́, bí wọ́n bá rántí ilé tí à ń wí. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n mi pè pé àwọn ti yà á dé igun ọ̀nà, wọ́n ń fọgbọ́n bi mí pé apá ọ̀tún ni ajá wà ni àbí òsì. Mo ní mi ò ní í sọ, kò sí nínú àdéhùn wa.