Ọjọ́ tí Mo Di Onílé

Ìyàwó mi rò pé etí òun ló ń gbọ́ òdì nígbà tí mo gbé páálí kan wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ kan, tí mo sì ní ilé ni mo rà. Irọ́ kọ́. Ilé náà wà nínú páálí lóòótọ́, ní wẹ́wẹ́: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, aṣọ kọ́tìnnì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wáyà iná, àti bébà tí ènìyàn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé di ìwé ogójì fún yàrá ìkàwé. Ìdá kan nínú 24 ni wọ́n dín ohun gbogbo kù sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ga ní mítà 1.8 kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 lọ bó bá kó dé ibẹ̀.

“Bàbá Dàmọ́lá, ṣé ọmọ lẹ rà á fún ni, àbí ẹ̀yin gan-an?”

Mo ní àwọn ọba pàápàá ń ní irú rẹ̀. Mo ròyìn ilé bèbí Queen Mary, ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un, èyí tí Edwin Lutyens ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n kọ́ láàárín 1921 sí 1924, tó sì wà ní ààfin Windsor títí di òní; mo ní wọ́n fa iná sí i, wọ́n sì fa omi sí i pẹ̀lú. Ìyàwó mi wo àwọn jẹ́ríkéènì tó tò sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ wa ní Ìbàdàn, kò sì fèsì.

Òru mẹ́ta ni mo fi gé ìwé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ẹsẹ̀ àga kan tilẹ̀ ta dànù lẹ́nu ẹ̀mú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i nínú irùngbọ̀n mi.

Kò sí gúlù nínú páálí. Gúlù funfun tí àwọn ọmọléèwé ń lò ló yẹ kí n rà, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó tì í títí yóò fi gbẹ? Mo lọ ra súpà gúlù lọ́wọ́ aránbàtà tó wà ní ìkóríta wa. Èéfín rẹ̀ kọ́kọ́ sọ gbogbo fèrèsé oníke tó ń dán gbinrin di funfun, bíi dígí tí ènìyàn mí sí. Èyí tó burú jù ni pé omi ló máa ń mú kí gúlù yẹn tètè dì, wọ́n sì ti mú iná lọ láti àárọ̀, òógùn ń ṣàn ní gbogbo ìka mi. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e di òrùlé mú, mo ka ení dé ogún, mo ní kí n yọwọ́, gbogbo ilé bá mi bọ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n mú iná dé. Bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pariwo “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” ni fáànù òkè àjà, tí n kò rántí pa, bẹ̀rẹ̀ sí í yí, yàrá ìkàwé mi sì fò lọ sí abẹ́ àga, sí orí tẹlifíṣọ̀n, àti sínú ẹ̀fọ́ rírò tí n kò tíì jẹ tán. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ti lọ sí ọjà, nítorí náà èmi ni mo ṣí i, lánlọ́ọ̀dù wa sì ni.

Mo dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí ilé ọwọ́ mi gbà mí láàyè dé, mo gbé e sókè kí òrùlé má baà fọ́. Bàbá wo ilé, wọ́n wo ojú mi.

“Ọjọ́ kẹtàlá rèé tí mo ti ń retí owó ilé mi,” ni wọ́n wí. “N kò mọ̀ pé ilé lò ń kọ́ lọ́wọ́.”

Wọ́n jókòó sábẹ́ fáànù. Wọ́n béèrè iye yàrá tó wà níbẹ̀, wọ́n béèrè ibi tí ṣáláńgá wà, wọ́n sì ní àtẹ̀gùn mi dojú délẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Wọn kò dìde títí ìyàwó mi fi dé, tó fi omi tó fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì yọ ìka mi pẹ̀lú awọ díẹ̀, tí mo sì fi ọwọ́ tó ń ta mí ka owó wọn pé.

Bí wọ́n ṣe yí ẹ̀yìn padà láti máa lọ ni mo rí ìwé pupa kékeré kan tó há sí ìṣẹ́po fìlà wọn. N kò lè pè wọ́n padà. Ìwé mọ́kàndínlógójì ló wà ní yàrá ìkàwé mi báyìí.