Norcia àti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè: ará abà, ará ilé

Bi ará Ẹ̀fọ̀n tó ń gbé lóko léèrè ilé rẹ̀, kò ní dárúkọ abà fún ọ láé. Ẹ̀fọ̀n ni yóò sọ. Ọdún dé, ìyàwó ń bọ̀, òkú kú, ìlú ni gbogbo wa ń wọ́ lọ. Norcia tí mo ń gbé báyìí, ìlú kékeré láàárín òkè Umbria ní Ítálì, ní abà tirẹ̀ lọ́tùn-ún lósì: Campi, Ancarano, San Pellegrino, Castelluccio. Sindaco kan ṣoṣo, ìyẹn olórí ìlú, ni wọ́n jọ ń dìbò yàn, ọdún 5 lórí oyè. (Aláàyè, ọba tiwa, ò bá wọn dé ibi àpótí ìdìbò.) Síbẹ̀, ará Campi ò ní pe ara rẹ̀ ní ará Norcia. Campi ló ti wá, ó tán.

Castelluccio nìkan ló ṣe mí bí oko tiwa. Ó ga ju mítà 1,400 lọ. Bí yìnyín bá dé, ọ̀pọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ wá sí Norcia, wọ́n á tún gòkè nígbà iṣẹ́. Lenticchia ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, hóró pẹlẹbẹ tó kéré gan-an sí ẹ̀wà wa. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé a kì í rẹ ẹ́ sómi ká tó sè é. Ní October 30, 2016, ilẹ̀ mì, ó sì wó abúlé náà lulẹ̀. Nígbà ìgbìn ọdún 2017, àwọn àgbẹ̀ tò lẹ́yìn ara wọn pẹ̀lú katakata, wọ́n gòkè lọ gbìn ín. Ilé wó, oko ò ṣe é pa tì. Bàbá mi ì bá fẹ́ràn wọn.

Nílé, agboolé ni wọ́n máa bi ọ́. Ìwé ọmọ-ìlú tí káńsù ń fúnni, ìgbà tá a bá ń wáṣẹ́ ìjọba là ń rántí rẹ̀. Níbí, mo lọ kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìlú, lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá ìlú kan wá tẹ aago. Ó wo orúkọ tó wà lára aago, ó wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó lọ. Bí ọjọ́ 45 bá kọjá tí wọn ò wí nǹkan kan, o ti di ará ibẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ bàbá ẹni.

Ti òkú ló jọra, àmọ́ kò jọra dénú. Àwọn náà ń lẹ ìwé ìkéde òkú mọ́ ògiri: orúkọ, ọjọ́ orí, àkókò máàsì. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta wọ́n ti sin ín sí itẹ́ òkú. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí kánópì. Mo ròyìn fún màámi lórí fóònù bí wọ́n ṣe sin bàbá kan ládùúgbò wa láì se ìrẹsì kankan.

"Ṣé kò bímọ ni?"

"Ó bí mẹ́rin, màámi. Gbogbo wọn ló wá."

"Wọ́n wá, wọn ò sì se nǹkan kan?"