Ohùn Tó Ń Kà Á Fúnni: Ìpè Pàjáwìrì ní Ìlú Ọba àti ní Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará ilé kì í yé sọ fún ẹni tó bá wà ní Ìlú Ọba: "Ẹ̀yin tiyín dáa, ẹ kàn máa tẹ 999 ni, ọkọ̀ áńbúláǹsì á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà." Wọn ò fi ibi sọ ọ́, àmọ́ ó máa ń dun èèyàn, torí ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ mọ̀ pé ọkọ̀ kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé. Ohùn ẹni tó gbé ìpè ló ń kọ́kọ́ dé. Ọkọ̀ lè dé láàárín ìṣẹ́jú 7, ó sì lè pẹ́ di wákàtí mẹ́ta. Ibi tí ilé àti ibí ti yàtọ̀ síra gan-an, inú ohùn yẹn ló wà.

Ti ilé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. 112 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, lábẹ́ NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ọ̀fẹ́ sì ni, kódà bí kò bá sí kọ́bọ̀ lórí fóònù. Èkó tún ní 767. Ẹ wo bọ́tìnì fóònù àtijọ́, ẹ ó rí i pé lẹ́tà SOS ló bọ́ sórí 7, 6 àti 7. FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ní 122 tiwọn fún jàǹbá ojú ọ̀nà. Ẹni tó gbé ìpè á gbọ́ ọ̀rọ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn. Ibi ìfiránṣẹ́ yẹn ni nǹkan ti máa ń dà rú. "Ẹ kọjá tiransifọ́mà, kí ẹ tó dé mọ́ṣáláṣí, ẹ ní ilé Alhaja": àdírẹ́ẹ̀sì tó péye ni fún ọlọ́kadà àdúgbò, ṣùgbọ́n tó bá fi máa gba ẹnu èèyàn mẹ́ta kọjá, mọ́ṣáláṣí ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn mẹ́fà lè pè nítorí iná kan ṣoṣo, kí kálukú fi bọ́sítọ́ọ̀bù tirẹ̀ júwe ibẹ̀, kó wá dà bíi pé iná mẹ́ta ló ń jó. Kí wọ́n tó yanjú rẹ̀, àwọn aládùúgbò ti gbé aláìsàn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn panápaná ilé lórí ẹ̀sùn kan, pé wọ́n máa ń dé láìgbé omi. Ọkọ̀ panápaná tó wọ́pọ̀ ní Ìlú Ọba, nǹkan bíi 1,800 lítà ló ń gbé. Bí okùn omi kan bá ń tú 450 lítà síta ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 4 péré, ó ti tán. Ohun tó bo panápaná Ìlú Ọba láṣìírí ni ẹnu omi tó wà lábẹ́ títì, tí wọ́n máa so okùn mọ́ kí ti inú ọkọ̀ tó gbẹ. Nílé, níbi tí irú ẹnu omi bẹ́ẹ̀ kò sí tàbí tó ti gbẹ, bí wọn ò bá rán ọkọ̀ ńlá agbómi tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi á tán lójú gbogbo èèyàn, àwọn èrò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkúta lu ẹni tó wá gbà wọ́n. Orí ẹni tó ń rán ọkọ̀ ni ẹ̀bi yẹn yẹ kó lọ.

Ní Ìlú Ọba, iná kan jó ní Wimpole Street ní London ní 1935, ó pa obìnrin márùn-ún. Aládùúgbò tó ń pe tẹlifóònù láti ké sí panápaná wà lórí ìlà, kò rẹ́ni dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ló bí 999 ní 1937. Títí dòní, òṣìṣẹ́ BT, iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ló ń kọ́kọ́ gbé ìpè náà. Ìbéèrè kan ló ní: ta lẹ fẹ́, panápaná, ọlọ́pàá, áńbúláǹsì, àbí ẹ̀ṣọ́ etíkun? Á so yín pọ̀ mọ́ wọn, kò sì ní kúrò lórí ìlà títí wọ́n á fi dáhùn. Bẹ́ ẹ bá tẹ 112 níbí náà, ibì kan náà ló ń lọ. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ṣe é níbi ló dúró tì í, wọ́n á ní kó tẹ 55 lórí fóònù alágbèéká, wọ́n á sì so ó mọ́ ọlọ́pàá. Fóònù tí kò ní SIM nínú kò lè pe 999 ní Ìlú Ọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù àlòkù sílẹ̀ fún ọmọ "nítorí pàjáwìrì", ẹ fi SIM sí i.

Fóònù ìgbàlódé tún ń ṣe nǹkan kan tí olùpè kì í rí. Bó bá ti mọ̀ pé 999 ni wọ́n tẹ̀, á tan GPS àti Wi-Fi rẹ̀, á sì fi ibi tó wà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. AML ni wọ́n ń pe ètò náà. Ó dáa púpọ̀, àmọ́ ó lè mọ ilé kó má mọ àjà. Nínú ilé alájà 12, ìyẹn ò tó nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń béèrè àdírẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ tún un sọ.

Bó bá jẹ́ iná, ìbéèrè ò pọ̀: níbo, kí ló ń jó, ta ló wà nínú ilé. Ọkọ̀ á ti máa jáde. London fi lélẹ̀ pé kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa dé láàárín ìṣẹ́jú 6, kí èkejì dé láàárín 8, tí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ tá a pín in. Ẹni tí iná ká mọ́ inú yàrá, wọn ò ní jẹ́ kó pa fóònù: pa ilẹ̀kùn dé, fi aṣọ tàbí táwẹ́ẹ̀lì dí abẹ́ rẹ̀, lọ sójú fèrèsé, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí èéfín. Iná ilé gogoro Grenfell ní London, lóṣù kẹfà 2017, níbi tí èèyàn 72 ti kú, fi hàn pé ìmọ̀ràn "dúró sínú ilé" lè di ikú bí ẹni tó ń gba ìpè kò bá mọ ohun tí àwọn tó wà níwájú iná ń rí.

Ti áńbúláǹsì ló gba àlàyé jù. Ìbéèrè tó ṣáájú ni "Ṣé ó ń mí?" Ibẹ̀ nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Mo ní kẹ́ ẹ rán ọkọ̀ wá, ẹ̀ ń da ìbéèrè bò mí!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń bi yín ní ìbéèrè kọ́ ló ń rán ọkọ̀. Bó ṣe ń tẹ ìdáhùn yín sínú kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ń kà á lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ti ń wá ọkọ̀ tó sún mọ́ yín jù. Tí ìdáhùn bá jẹ́ "kò mí", ọkọ̀ lè ti gbéra kẹ́ ẹ tó dáhùn ìbéèrè kẹta. Bí ọ̀rọ̀ ò bá le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n láǹfààní láti lo tó ìṣẹ́jú-àáyá 240 láti mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn kí aago tí wọ́n fi ń wọn bí ọkọ̀ ṣe pẹ́ tó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọ̀rọ̀ "dákú" máa ń kó bá àwa Yorùbá níbí yìí. Ẹni tí òyì kọ́, tó ṣubú, tó tún dìde, ó dákú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, a óò ní ó dákú. Bá a bá wá túmọ̀ rẹ̀ sí "fainted" létí ẹni tó ń gba ìpè, ohun tó kéré ló gbọ́. Ẹ má wá orúkọ fún un. Ẹ sọ ohun tójú yín rí: kò lajú, mo mì ín, kò dáhùn, àyà rẹ̀ ò gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àyà rẹ̀ ń já" kì í ṣe "àyà ń dùn ún". Bí èdè bá sì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ pé Yorùbá lẹ fẹ́. Wọ́n lè pe ògbufọ̀ sórí ìlà, àmọ́ ìyẹn náà ń gba àkókò.

Mímí pàápàá ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró ṣì lè máa mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń hanrun, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ní, "Ó ń mí." Ìdí nìyẹn tí ohùn orí fóònù fi lè ní kó máa sọ "nísinsìnyí" nígbàkúùgbà tí aláìsàn bá fa èémí sínú. Àlàfo àárín "nísinsìnyí" méjì ni wọ́n ń gbọ́. Bó bá ti gùn jù, títẹ àyà yá: ẹ gbé e sórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ sáàárín àyà, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ẹ jẹ́ kó padà sókè, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, ohùn náà á sì máa kà á fún yín. Bí ẹnì kejì bá wà nílé, wọ́n á fún un ní kóòdù àpótí tí ẹ̀rọ tó ń fi iná jí ọkàn wà ládùúgbò, wọ́n á ní kó sáré lọ mú un.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tí kò sí ní ìpele àkọ́kọ́. Láti 2017, ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín ìpè áńbúláǹsì sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpele kìíní, bí ọkàn tó dúró, ìṣẹ́jú 7 ni wọ́n dá fún un. Ìkejì, tí rọpárọsẹ̀ àti àyà dídùn wà, ìṣẹ́jú 18. Ìkẹta, kí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá má ju wákàtí 2 lọ. Ìkẹrin, wákàtí 3. Orí ìwé nìyẹn. Lóṣù kejìlá 2022, ìpele kejì tí wọ́n dá ìṣẹ́jú 18 fún ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà, ṣùgbọ́n wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn pẹ̀lú aláìsàn nínú, torí pé kò sí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa gbé e sí. Ẹni tó ń rán ọkọ̀ á kàn máa wo ìpè tó ń gun orí ara wọn lójú kọ̀ǹpútà, kò sì ní ọkọ̀ kan tó máa rán.

Bàbá àgbà tó ń dá gbé, tó ṣubú nílé ìdáná tí kò lè dìde, ìpele kẹta ló sábà máa ń bọ́ sí. Wọ́n á sọ fún un pé kó má jẹ, kó má mu, kó má fi tipátipá dìde, kó fa ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn bora, kó sì tún pè bí nǹkan bá yí padà. Ẹni tó bá lẹ́nìkan nílé, wọ́n á ní kí ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn, tan iná ìta, so ajá, kó oògùn rẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún bàbá yìí? Nílé, "Ẹ gbà mí o!" ẹyọ kan, ọgbà ti kún. Níbí, aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ògiri, kó gbọ́ nǹkan tó wó, kó má jáde. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí èyí: ilé sàn ju ibí lọ, ó sàn jù ú lọ fíìfíì.

Síbẹ̀, àwọn èrò tó kún ọgbà yẹn náà ni wọ́n máa ń fa ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ jáde látinú mọ́tò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ìfẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé ẹ mú orí dúró, ẹ má fà á. Bí wọ́n bá sì gbé e dé ilé ìwòsàn, òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala 20, ní kí wọ́n má kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì fún ìdíkídìí, àmọ́ níbi púpọ̀, "Ta ló máa sanwó?" ṣì ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Níbí, "Ṣé ó ń mí?" ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi wá pé kí la ṣì ń ṣe nínú òtútù, ìbéèrè méjèèjì yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lé ìwọ̀n. Èmi mọ èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n bi ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà, kí ọkọ̀ tilẹ̀ pẹ́, kí ohùn kan ṣáà wà níbẹ̀ tó ń kà á sí i létí, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, tí kò ní fi fóònù sílẹ̀ títí wọ́n á fi kan ilẹ̀kùn.