Ewé Fúrúùtù Nínú Bíbélì Màmá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́ ọmọ kékeré lókè òkun, ẹ̀yin lẹ máa tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún kẹfà rèé tá a ti wà ní Leeds, ìgbà ìwọ́wé ni mi ò sì fẹ́ràn rárá tẹ́lẹ̀. Láti September lòtútù á ti máa yọ́ wọlé, tó bá di Sunday tó gbẹ̀yìn nínú October wọ́n á fa aago sẹ́yìn ní wákàtí kan, àtìgbà yẹn lọ ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, èmi àtọmọ méjì á wá ká mọ́ inú fúláàtì, kátúùnù ṣáá.

Ọjọ́ kan ni tíṣà nọ́sìrì fún àwọn ọmọ ní báàgì pépà, ó ní kí wọ́n lọ ṣa ewé kún un wá. Ewé! Èmi tí mo dàgbà n'Íjẹ̀bú-Igbó, tó jẹ́ pé ewé abẹ́ igi ni mo máa ń gbá láràárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, tí Màmá á dúró sẹ́yìn mi wò ó bóyá ó mọ́, òun ni wọ́n wá ní ká máa ṣa wálé. Ṣùgbọ́n a lọ sí páàkì ní Saturday, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, àfi bíi pé mi ò tíì rí ewé rí láyé mi. Òmíì pupa bí epo, òmíì ìdajì rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ìdajì ti pọ́n. Èyí àgbà, ọmọ ọdún mẹ́rin, bi mí pé ta ló kùn wọ́n. Mo lọ wò ó lórí fóònù kí n má bàa purọ́ fún un: nígbà tí ọ̀sán bá ti ń kúrú, igi á dẹ́kun ṣíṣe chlorophyll tó ń mú ewé tutù, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ látilẹ̀ á wá hàn, àmọ́ pupa ní tiẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń po ọ́.

Ohun tó dùn mọ́ ọn jù ni ká fi kíréyọ́nù yọ àwòrán ewé. Ẹ dojú ewé dé kí ẹ̀yìn rẹ̀ tí iṣan ti yọ wà lókè, ẹ tẹ́ pépà fẹ́lẹ́ lé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kíréyọ́nù rà á jẹ́jẹ́, iṣan ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kọ́kọ́ rí i, ṣe ló dákẹ́ lọ gbári. A tún po fúláwà kọ́ọ̀pù 2, iyọ̀ 1, omi 1, a tẹ ewé mọ́ ọn, a fi sí ófùnù tí iná rẹ̀ kéré títí tó fi le.

Ibi tẹ́ ẹ ti ní láti ṣọ́ra ni conker, èso dídán kan tó máa ń já bọ́ nígbà yẹn. Kì í ṣe jíjẹ o, májèlé wà nínú ẹ̀, ó sì tó há ọmọdé lọ́fun. Èyí kékeré, ọmọ ọdún méjì, ju ọ̀kan sẹ́nu níbi tí mo ti ń dáhùn fóònù. Ìka ni mo fi yọ ọ́, àyà mi já débi pé inú ẹrẹ̀ ni mo jókòó sí.

December tó kọjá la wálé. Ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ lọ ṣa ewé, mo ní ọyẹ́ la ní níbí, kò sí ìgbà ìwọ́wé. Irọ́ ni mo pa. Igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé Màmá, èyí táwọn kan ń pè ní almond, tí mo gbá abẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọmọdé mi, ewé rẹ̀ ti pọ́n yòò, ó ń wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, èmi ni mi ò wò ó rí, ìgbálẹ̀ ni mò ń wò. Ewé yẹn fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, iṣan rẹ̀ le, àwòrán rẹ̀ sì yọ dáadáa ju ti maple, igi tá a ṣa ewé rẹ̀ ní páàkì, lọ.

Èyí kékeré ńkọ́? Ní nọ́sìrì, ìrẹsì tí wọn ò sè ni wọ́n máa ń dà sínú báàsì kí wọ́n fọwọ́ rò ó, mo bá da gàrí sí i. Màmá yọ sí wa.

"Kí lò ń fi gàrí mi ṣe yẹn? Ṣé o ti gbàgbé iye ọjọ́ tá a fi ń dè é kó tó kan ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, Mà. Òdodo ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ìjẹ̀bú-Igbó ìlú gẹdú ni, wọ́n rán wa lọ sí sọ́míìlì, a kó lẹ́búlẹ́bú pákó àpò kan, ti arère funfun, ti ìrókò pọ́n díẹ̀, òórùn wọn ò jọra. Wọ́n wọ́n omi sí i kó má bàa fò wọ ọmọ lójú, wọ́n bo ìkarawun ìgbín mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọmọ náà sì ń wá a kiri, ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kò sunkún, kò béèrè fóònù. Màmá fi òkúta gún ṣóńṣó ọ̀kan kúrò, wọ́n fi ra ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì títí ẹnu rẹ̀ fi gún, wọ́n fi ìka méjì ràn án. Òkòtó! Àwọn ọmọ mi dojúbolẹ̀, wọ́n ń wò ó títí tó fi ṣubú.

Nígbà tá a fẹ́ padà, mi ò kó ewé tàbí èso kankan sí báàgì, torí wọn kì í fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní bọ́dà. Ọmọbìnrin mi to ewé fúrúùtù mẹ́ta sínú Bíbélì Màmá. Ní gbogbo Sunday báyìí, tá a bá pè wọ́n lórí fídíò, á ní kí Grandma ṣí i kóun rí i, Màmá á sì gbé e sún mọ́ fóònù débi pé pupa nìkan ló ń kún ojú rẹ̀.